Ṣé Lóòótọ́ Ni Ihò Wà Lábẹ́ Kọ́ńfẹ́ǹtì?

ÌBÉÈRÈ

Ìlú Leeds ni mo ń gbé, ó ti lé ní ọdún 16 báyìí. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ fún wa lọ́dún tó kọjá pé sístà lòun fẹ́ ṣe. Èmi ò bá a jà. Bàbá rẹ̀ ni kò tíì gbà, ó ní òun ò rán ọmọ níléèwé kó má bí ọmọ-ọmọ fóun. Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì lọ wo àwókù ilé àwọn mọ́ǹkì ayé àtijọ́ kan. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri fi ihò kan hàn wá lábẹ́ ògiri, ihò tí àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ ni àwọn mọ́ǹkì ń gbà lọ bá àwọn sístà lóru, pé òdìkejì odò ni kọ́ńfẹ́ǹtì wọn wà. Obìnrin kan nínú wa tún fi tirẹ̀ kún un, ó ní egungun ìkókó ni wọ́n máa ń bá nínú irú ihò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn jẹun, kí lẹ máa ń bá níbẹ̀ gan-an? Ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi o, torí ọmọ mi ni.

Ìyá Sístà Ọ̀la, Leeds

ÌDÁHÙN

Ìyá Sístà Ọ̀la, ẹ kú àníyàn ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀. Orúkọ tẹ́ ẹ fi parí lẹ́tà yín ti sọ fún mi pé ẹ̀yin ti gbà fọ́mọ. Bàbá ló kù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Gọ́tà ni ihò yẹn, màmá.

Mo mọ̀ pé ìdáhùn mi ò dùn létí tó ìtàn ọkùnrin yẹn. N kò tíì dé àwókù ilé mọ́ǹkì kan rí ní Ìlú Ọba kí ẹnì kan ládùúgbò má fa apá aṣọ mi, kó sọ irú rẹ̀ fún mi. Ihò kan náà, òru kan náà, ẹ̀rín kan náà. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ilé tí 60 tàbí 100 èèyàn ń gbé, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ lójoojúmọ́, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn máa rìn gbéregbère kiri ìgboro. Ìwé Òfin tí Benedict kọ fún àwọn mọ́ǹkì ní Ítálì ní nǹkan bíi 1,500 ọdún sẹ́yìn, tó ní orí 73, sọ ọ́ pé bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí omi, ọlọ, oko ẹ̀fọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wà nínú ọgbà ilé náà, kí mọ́ǹkì má baà rí àwáwí jáde. Omi tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Ni wọ́n bá ń ya odò, wọ́n ń fi òkúta gbígbẹ́ ṣe ojú ọ̀nà fún un, ó ń gba ilé ìdáná, ó ń gba abẹ́ ṣálángá, ó ń padà sódò. Ní Canterbury, wọ́n ya àwòrán gbogbo ọ̀nà omi ilé wọn sínú ìwé ní nǹkan bíi ọdún 1165, àwòrán náà sì wà títí dòní. Ní Fountains Abbey, níbẹ̀ ní Yorkshire yín, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1132, orí odò Skell gan-an ni wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́ wọn lé.

Ohun tó jẹ́ kí ihò náà ga ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè wọ ibẹ̀ lọ kó ìdọ̀tí. Nígbà tí ilé wá wó, tí àwọn ará àdúgbò ń kó òkúta òkè lọ kọ́ abà àti ilé tiwọn, gọ́tà ìsàlẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn wá rí ihò tó rẹwà, tí òkúta rẹ̀ ṣe rẹ́gí, kò sì wá sí wọn lọ́kàn pé èèyàn lè fi irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀nà ìgbẹ́.

Ti òdìkejì odò tí ọkùnrin yẹn wí, ẹ̀rín ló pa mí. Ihò àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ odò ńlá tí ọkọ̀ ojú omi ń ná wà ní London, lábẹ́ Thames. Ọdún 1825 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 1843 ni wọ́n ṣí i, omi sì ya wọlé pa àwọn òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀ kó tó parí. Bí àwọn mọ́ǹkì bá ti gbẹ́ irú rẹ̀ ní 600 ọdún ṣáájú, tí wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àtilọ kí obìnrin, a jẹ́ pé àwọn ló yẹ kí ìjọba gbé iṣẹ́ rélùwéè fún.

Gọ́tà irú èyí kan tó lókìkí wà ní Paisley, ní Scotland. Ní nǹkan bíi ọdún 1990 ni wọ́n tún rí i, ibì kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè nàró rìn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àwọn mọ́ǹkì. Wọ́n bu ẹrẹ̀ náà, wọ́n jọ̀ ọ́ bí ẹní ń jọ ẹlùbọ́. Wọ́n bá àfọ́kù ìkòkò, wọ́n bá kóró ewéko, wọ́n bá dáìsì irú èyí tí à ń jù nínú lúdò, wọ́n sì bá síléètì tí wọ́n kọ àmì ohùn orin sí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rí nínú ìyẹn kò ju ti dáìsì lọ. Èmi alára ti wọ irú gọ́tà bẹ́ẹ̀ rí, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, omi tútù dé orúnkún mi. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí mo gbé jáde ò ju egungun ẹja àti ìdajì àwo kan lọ.

Ibo wá ni ìtàn náà ti wá? Ẹ bi Ọba Henry Kẹjọ léèrè. Owó ń wá a lójú, ilẹ̀ àti dúkìá àwọn ilé ẹ̀sìn sì pọ̀. Lọ́dún 1535, ó rán aṣojú kiri láti ka ohun ìní ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wádìí ìwà àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ bà á lórúkọ jẹ́ ná. Ìròyìn ìṣekúṣe ni wọ́n kó bọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin jáde pé kí wọ́n ti gbogbo ilé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó pọ́n-ùn 200, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé àwọn sístà ló sì bọ́ sínú òfin yẹn, torí tálákà ni wọ́n. Nígbà tó fi máa di 1540, tí ilé Waltham tó gbẹ̀yìn juwọ́ sílẹ̀, nǹkan bíi 800 ilé ló ti lọ. Wọ́n ká òjé orí òrùlé, wọ́n yọ́ agogo, wọ́n ta òkúta. Wọ́n fún àwọn sístà ní owó ìfẹ̀yìntì táṣẹ́rẹ́, síbẹ̀ wọ́n fi òfin dè wọ́n pé wọn ò gbọ́dọ̀ lọ́kọ. Wọ́n lé wọn kúrò nílé ẹ̀jẹ́, wọ́n sì tún fi ẹ̀jẹ́ sí wọn lọ́rùn.

Ti egungun ìkókó, ìwé kan ló tan ìyẹn kálẹ̀ jù. Lọ́dún 1836, wọ́n tẹ ìwé obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Monk jáde ní New York. Ó ní òun ti ṣe sístà rí ní kọ́ńfẹ́ǹtì Hôtel-Dieu ní Montreal, ní Kánádà, pé abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn fàdá ń gbà wọlé tọ̀ wọ́n wá, pé bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á fún un lọ́rùn pa, wọ́n á sin ín sí yàrá ìsàlẹ̀. Ìwé náà tà bí àkàrà gbígbóná. Oníwèé ìròyìn kan, William Leete Stone, tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, gbéra láti New York lọ sí Montreal lọ́dún yẹn kan náà. Ó mú ìwé náà dání, ó ń ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, kò rí ohun kan tó bá ìwé mu. Ó délé, ó kọ ọ́ síta gbangba pé irọ́ ni. A máa ń wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Òtítọ́ bá èyí láàárín oṣù díẹ̀ péré, síbẹ̀ irọ́ náà ò dúró, ó ń rìn bọ̀ fún ohun tó lé ní 180 ọdún títí ó fi bá yín wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ má sì rò pé ẹ̀rín lásán ni irú àhesọ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Ní 11 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1834, irú rẹ̀ ni àwọn jàǹdùkú gbọ́ tí wọ́n fi dáná sun kọ́ńfẹ́ǹtì àwọn Ursuline ní Charlestown, Massachusetts, àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sá gba ọgbà jáde lóru.

N ò ní sọ fún yín pé áńgẹ́lì ni gbogbo wọn. Ní Littlemore, lẹ́bàá Oxford, aṣojú bíṣọ́ọ̀bù lọ wádìí ilé àwọn sístà kan lọ́dún 1517, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá olórí ilé náà ti bímọ, ó sì ń fi ohun ìní ilé ṣe tara rẹ̀. Lọ́dún 1525, Kádínà Wolsey ti ilé náà pa, ó fi owó rẹ̀ kún owó kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń dá sílẹ̀ ní Oxford, èyí tó ń jẹ́ Christ Church lónìí. Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ọdún 2010, àwọn awalẹ̀pìtàn walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kan òkú 92. Obìnrin wà, ọkùnrin wà, ọmọdé náà wà.

Ọ̀rẹ́ yín inú bọ́ọ̀sì ìbá ti pariwo. Kó fara balẹ̀. Ilé àwọn sístà kì í ṣe ti sístà nìkan. Wọ́n ń gba àlejò, wọ́n ń gba aláìsàn, àwọn ọmọ olówó ń gbé lọ́dọ̀ wọn kàwé, àwọn ará àdúgbò sì máa ń fẹ́ kí wọ́n sin àwọn sí ìtòsí ibi tí wọ́n á ti máa gbàdúrà fún wọn. Ọmọdé tí wọ́n tẹ́ sí ibojì bí Kristẹni, láàárín àwọn àgbà, ìsìnkú ìfẹ́ ni wọ́n sin ín. Kò sí ẹni tó ń fi ohun ìtìjú pa mọ́ sí ibi tí gbogbo ìlú ń gbà kọjá.

Ó yá, ẹ jẹ́ n dáhùn ohun tẹ́ ẹ béèrè gan-an, ìyẹn ohun tí à ń bá níbẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò pọ̀. Ilé àwọn mọ́ǹkì tóbi, òkúta wọn ga, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì fi ń gbé èèyàn lọ wò wọ́n. Ti àwọn sístà kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti sọ di oko àgùntàn. Ọba àti ìjòyè tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tọrẹ máa ń fún àwọn ọkùnrin, kí wọ́n lè máa ṣe Máàsì fún ọkàn òun lẹ́yìn ikú. Sístà ò lè ṣe Máàsì, àní ó gbọ́dọ̀ sanwó fún fàdá tó ń wá ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́lé ò yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oúnjẹ, ilé oorun àti yàrá ìpàdé á yí àgbàlá kan ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá ti gbé agbo ilé àtijọ́ nílẹ̀ wa, tó mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ sáàárín àgbàlá kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ má tutù, kò ní sọnù níbẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo náà ni wọ́n jẹ́ tálákà. Whitby ò jìnnà sí yín, ẹ mú ọmọ yín lọ síbẹ̀. Ọdún 657 ni wọ́n dá ilé ibẹ̀ sílẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hild ló sì jẹ olórí àkọ́kọ́, tọkùnrin tobìnrin ló ń ṣàkóso. Márùn-ún nínú àwọn ọkùnrin tó kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló di bíṣọ́ọ̀bù. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ọdún 664 tó pinnu ọjọ́ tí gbogbo ìjọba Northumbria á máa ṣe Ọdún Àjíǹde. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, wọ́n bá abẹ́rẹ́, ìyàrun àti òkúta kéékèèké tí wọ́n fi ń rànwú, wọ́n sì bá kálàmù onídẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára pátákó tí wọ́n fi ìda kùn. Ibi ìrànwú àti ibi ìkọ̀wé, ilé kan náà ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bẹ̀rù pé wọn á sọ ọmọ yín di ẹni tí kò lè fọhùn, ẹ gbọ́ ti Markyate. Lọ́dún 1298, Póòpù Boniface Kẹjọ pàṣẹ pé gbogbo sístà láyé gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà, wọn ò gbọ́dọ̀ jáde mọ́. Lọ́dún 1300, bíṣọ́ọ̀bù Lincoln mú ìwé àṣẹ náà lọ kà fún àwọn sístà Markyate. Bó ti ń jáde lọ, wọ́n sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ ìwé póòpù lù ú lórí, wọ́n ní àwọn ò ní tẹ̀ lé e láéláé. Bíṣọ́ọ̀bù alára ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní Jámánì, ní Dalheim. Ilé àwọn sístà kékeré ni, bóyá wọn ò ju mẹ́rìnlá lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná jó o nígbà ogun, ó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ìwé kankan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, àfi ìpìlẹ̀ ògiri àti ìtẹ́ òkú. Àwọn olùwádìí yọ ìdọ̀tí líle tó gan mọ́ eyín àwọn òkú náà láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìdọ̀tí yẹn máa ń mú ohunkóhun tó bá gba ẹnu kọjá, á sì le mọ́ ọn lára bíi símẹ́ńtì. Nígbà tí wọ́n yọ́ ti obìnrin kan tó tó ẹni ọdún 45 sí 60 nígbà tó kú, láàárín ọdún 997 sí 1162, wọ́n rí èérún búlúù nínú rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n gbé e láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, lápis ni, òkúta búlúù tí wọ́n ń wà ní orí òkè ní Afghanistan nìkan láyé ìgbà yẹn, tí iye owó rẹ̀ ń bá ti góòlù dọ́gba. Ìwé mímọ́ olówó ńlá ni wọ́n ń fi í ya àwòrán sí, àwọn ọ̀gá akọ̀wé nìkan ni wọ́n ń gbé e lé lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe dé eyín rẹ̀? Ẹ ti rí aránṣọ rí, bó ṣe ń fi ètè rin ẹnu òwú kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe ń fi ẹnu mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣóńṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílẹ̀ wa, ọwọ́ aláró ló máa ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ fáráyé, tirẹ̀ wà lẹ́nu. Títí di ọdún 2019 tí wọ́n gbé ìwádìí náà jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti gbà pé mọ́ǹkì lọ́kùnrin ló ya àwọn ìwé tí kò ní orúkọ. Orúkọ tirẹ̀ ò sí níbì kankan, nọ́ńbà B78 ni wọ́n ń pè é.

Ní Jámánì yẹn náà, ní Wienhausen, àwọn káfíńtà ń tún pákó ilẹ̀ ibi tí àwọn sístà máa ń jókòó kọrin ṣe lọ́dún 1953. Lábẹ́ pákó, wọ́n bá ohun tó ti ń já bọ́ sí àlàfo ibẹ̀ láti nǹkan bíi 600 ọdún, awò ojú onígi tí kò ní apá, tó jẹ́ pé imú ni wọ́n ń fi há, ọ̀bẹ kékeré, pátákó ìkọ̀wé àti àwòrán ẹni mímọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n wà lára awò ojú tó pẹ́ jù lọ tó ṣẹ́ kù ní Yúróòpù. Bóyá ìyá àgbà kan ló ń kọ Sáàmù níjọ́ kan, awò bọ́ lójú rẹ̀, ó yọ́ sáàárín pákó, ó sì pa á mọ́ra títí iṣẹ́ ìsìn fi parí. Obìnrin ṣì ń gbé ilé yẹn títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjọ Luther ni wọ́n báyìí.

Màmá, ibi tó nira ló kù. Ẹ ní kí n má fi ohunkóhun pa mọ́.

Gọ́tà kan wà tí egungun ọmọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ní Tuam ni, ní Ireland, kì í sì ṣe ayé àtijọ́. Láti 1925 di 1961, àwọn sístà Bon Secours ló ń bójú tó ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin tó lóyún láìlọ́kọ sí. Ilé ìjọba ìbílẹ̀ ni, ìjọba ló sì ń sanwó. Obìnrin kan ní ìlú náà, Catherine Corless, tó fẹ́ràn ìtàn àdúgbò rẹ̀, lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú àwọn ọmọ tó kú síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ́ 796. Ó wá ibi tí wọ́n sin wọ́n sí nínú ìwé ìtẹ́ òkú gbogbo, kò rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde síta lọ́dún 2014, àwọn kan ní ó ń parọ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ní kí wọ́n walẹ̀ wò, nígbà tó di ọdún 2017 wọ́n kéde pé àwọn kan òkú ìkókó àti ọmọ ọwọ́ nínú ó kéré tán mẹ́tàdínlógún lára iyàrá abẹ́ ilẹ̀ kéékèèké ogún, tó jọ pé omi ẹ̀gbin ni wọ́n kọ́ wọn fún. Lọ́dún 2021, àwọn sístà náà tọrọ àforíjì. Ní Oṣù Keje ọdún 2025, àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn jáde, kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì sin wọ́n bí ọmọ èèyàn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìtàn ọkùnrin yẹn àti ti Tuam sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí mọ́ǹkì tó yọ́ gba ihò nínú ìtàn Tuam. Ọmọ tí bàbá sá fún ni wọ́n, tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ ẹni tó tijú rẹ̀ níwájú ará ìlú, tí ìdílé fọwọ́ ara wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn sístà gbà wọ́n, wọn ò sì tọ́jú wọn bó ṣe yẹ, láàyè tàbí lókùú. Ẹ̀bi wọn nìyẹn, n ò ní fi omi sí i. Ẹ sì wo bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan jókòó ti ìwé, ó ka orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ bu ilẹ̀. Ọkùnrin tó mú yín kiri ò ka orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ló ń wá.

Ní ti ọmọ yín, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni irú ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ̀. Àwọn kan ṣì wà nínú ọgbà, àdúrà ni iṣẹ́ wọn, wọn kì í jáde. Ọ̀pọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Vincent de Paul àti Louise de Marillac ti dá Àwọn Ọmọbìnrin Àánú sílẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1633, tí wọ́n ní kí wọ́n máa wọ ilé aláìsàn kiri ìgboro. Irú wọn ni àwọn sístà Our Lady of Apostles, tí Fàdá Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon lọ́dún 1876 nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run ní Áfíríkà. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí àǹtí tó kàwé lọ́dọ̀ sístà ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ló nà án. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yín, wọn ò ní gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí bàbá rẹ̀ sì gbọ́ pé kò sí ẹni tó ń di sístà lóòjọ́. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìjọ ọdún 1983, ó gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán oṣù 12 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ìgbé ayé náà, kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀jẹ́ yẹn náà kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta kó tó jẹ́ ti àjẹ́kú. Ọdún mẹ́rin nìyẹn, kó má tíì ka ìgbà tí wọ́n á kọ́kọ́ máa wo ara wọn. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, bó bá sú u, ilẹ̀kùn wà. Kí bàbá lọ kí àwọn sístà náà nílé, kó jókòó, kó bá wọn jẹun, kó béèrè ohun tó bá fẹ́, títí kan ti Tuam. Ẹgbẹ́ tí ò bá lè dáhùn ìyẹn láìbínú, kí ọmọ má wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá tún padà lọ sí àwókù yẹn, ẹ wo òkè ihò náà dáadáa. Bóyá ẹ ó rí ibi tí òkúta ti yọ síta ní ìlà kan, tí àlàfo wà láàárín wọn bákan náà. Ìjókòó ṣálángá wọn nìyẹn. Ẹ bá mi ka iye rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.